Kíkùn ẹlẹ́dẹ̀: èwo ni ti wàrà, èwo ni ti akọ, èwo ni ti àìsàn?

AraỌ̀ṣíẹ̀lẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Abo mẹ́fà àti akọ kan ni mò ń bójú tó lọ́nà Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, l'Abẹ́òkúta níbí. Méjì nínú àwọn abo náà ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́: ọ̀kan bí mẹ́sàn-án, èkejì bí mọ́kànlá, ọjọ́ kan ló wà láàárín wọn. Orúkọ kan náà la fi ń pè é, pé ẹlẹ́dẹ̀ ń kùn, ṣùgbọ́n èyí tó ń tú ilẹ̀ ń kùn, ìyá tó dùbúlẹ̀ fún ọmọ ń kùn, akọ tó gbóòórùn abo ń kùn, èyí tí ara rẹ̀ ò yá náà sì ń kùn. Ọ̀gá tó fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ ní etí ni kí n kọ́kọ́ lò, pé ojú kì í tètè rí ohun tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa gbọ́ gan-an? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wàrà jáde lóòótọ́ nígbà tí ẹnu àwọn ọmọ bá wà lọ́mú? Kíkùn wo ló ń sọ pé abo ti tó gùn? Èwo ni mi ò gbọdọ̀ fi di ọ̀la kí n tó pe dókítà ẹran? Ìyá ọlọ́mọ mọ́kànlá yẹn tún máa ń payín keke láàárín oúnjẹ àárọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn náà wà lára rẹ̀. Ibi tó bá ní òǹkà, ẹ bá mi fi òǹkà sí i.

ÌyáẸlẹ́dẹ̀:

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ẹ jẹ́ kí n mú ti wàrà, torí òun ni mo rí pé àwọn ènìyàn kì í gbọ́ títí ọmọ á fi máa kú.

Ẹ má fi bó ṣe ń dún sókè tó dá a mọ̀. Bó ṣe ń yára tó ni kẹ́ ẹ máa gbọ́. Ìyá á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á yọ ọmú síta, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: hùn... hùn... hùn..., bí ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì. Ìpè nìyẹn. Àwọn ọmọ á sáré wá, kálukú á wá orí ọmú tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń jà á pín, tí wọ́n bá sì ti pín in tán, orí ọmú kan náà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan á máa padà sí. Wọ́n á wá máa fi imú ti ọmú lókè nísàlẹ̀. Títì yẹn lè gba ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wàrà ò sì tíì jáde. Ẹni tó bá bá wọn níbẹ̀ á ní wọ́n ti ń mu. Wọn ò tíì mu nǹkan kan o, wọ́n ṣì ń bẹ̀ ẹ́ ni.

Lójijì ni kíkùn ìyá á wá yára: hùn-hùn-hùn-hùn, ẹyọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Oxytocin, èròjà tí ọpọlọ ń rán láti ti wàrà jáde, ló ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn. Bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 lẹ́yìn tó bá yára ni wàrà á dé orí ọmú. Ẹ ó rí i lára àwọn ọmọ: wọ́n á ṣíwọ́ títì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á na ara gbọọrọ, etí á sún sẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á máa lọ kíákíá, ilé á sì dákẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 péré ni wàrà fi ń ṣàn. Ọmọ tí kò bá sí lórí ọmú rẹ̀ lásìkò yẹn, oúnjẹ ti kọjá lórí rẹ̀, ó di ìgbà mìíràn, ìyẹn ìṣẹ́jú 40 sí 60, tọ̀sán tòru.

Tí kíkùn bá bẹ̀rẹ̀ tí kò yára rárá, tó kàn ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tó fi dákẹ́, wàrà ò jáde nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó ohun à ń bẹ̀rù, ìyá tí ara rẹ̀ le koko náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀ léra, ẹ wọlé lọ wò ó. Ẹ fọwọ́ kan ọmú: ṣé ó le, ṣé ó gbóná ju ara yòókù lọ, ṣé ó ń yẹra tí ẹ bá fọwọ́ kàn án? Ṣé ó kọ oúnjẹ? Ṣé ó ń fi ikùn bo ọmú mọ́lẹ̀ tí ọmọ ò rí i mú? Ẹ wo àwọn ọmọ náà: ọmọ tó yó máa ń sùn pọ̀ ní gbígbẹ, ara rẹ̀ ń dán, èyí tí ebi ń pa máa ń sáré láti orí ọmú kan sí òmíràn, á máa ké fín-ín-fín, ìhà rẹ̀ á wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì ní ọgbẹ́ eyín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Kó tó di pé ẹ ń pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo omi. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú nílò omi lítà 20 sí 30 lójúmọ́, á sì ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Bí ẹ bá ń bu garawa kan láàárọ̀ àti ọ̀kan nírọ̀lẹ́, tí wọ́n tún dà á nù ní ìdajì, wàrà ò lè pọ̀. Ohun kejì ni ariwo. Tí ẹ bá gbé ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì wọlé nígbà tó ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́, á dìde, gbogbo ẹ̀bẹ̀ àwọn ọmọ á sì jásí asán. Ẹ dúró kí kíkùn yẹn yára, kó rọlẹ̀, kí àwọn ọmọ tú ká, kẹ́ ẹ tó wọlé gbá a.

Ọjọ́ ìbí yàtọ̀ o. Lọ́jọ́ yẹn, wàrà àkọ́kọ́ tó ki máa ń wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà, ẹ ò sì ní gbọ́ ìyára yẹn dáadáa. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni kí gbogbo ọmọ ti mu ún kí wákàtí 12 tó pé, torí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kì í gbé ohun tó ń bá àrùn jà wá láti inú ìyá rẹ̀.

Níti ọlọ́mọ mọ́kànlá yẹn, ẹ ka orí ọmú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má ka èyí tó ti kú. Tí kò bá tó mọ́kànlá, ọmọ kan wà tó ń jókòó lásán nígbà gbogbo tí ìyá bá kùn. Ẹni tó bá máa gbé ọmọ fún ìyá mìíràn, kó ṣe é nígbà tí ọmọ ò tíì ju ọjọ́ kan sí méjì lọ, lẹ́yìn tó bá ti mu wàrà àkọ́kọ́ lára ìyá rẹ̀. Tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọmọ onílé ti pín ọmú tán, orí ọmú tí wọn ò mu sì ti gbẹ. Àwọn tó tóbi ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kẹ́ ẹ fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ fún ìyá wọn.

Ọ̀kan ṣì kù. Igbe gooro tí kò dáwọ́ dúró, tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò tí ìyá ń dùbúlẹ̀: ẹ má rìn, ẹ sáré. Ó ti tẹ ọmọ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Irin tàbí igi tó yí ògiri ká ló ń dín in kù, kó fi ínǹṣì 8 sí 10 ga sílẹ̀, kó sì fi ìwọ̀n kan náà jìnnà sí ògiri, kí ọmọ ráyè sá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Àgbẹ̀Alábàtà:

Ìyá ti sọ ti wàrà délẹ̀. Èmi á mú ti akọ.

Kíkùn akọ tó fẹ́ gùn yàtọ̀ pátápátá. Ó rọ̀, ó yára, ó sì ṣe déédéé bí ìlù tí ò yẹsẹ̀: ẹyọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Á máa fi imú gún ìhà abo, á máa jẹ ẹnu lásán, itọ́ funfun á máa hó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ má nu itọ́ yẹn o. Òórùn kan wà nínú rẹ̀, androstenone lorúkọ rẹ̀, òun àti kíkùn yẹn ló jọ ń mú kí abo tó ti tó gùn dúró gbọnin.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rè é: kíkùn akọ kò sọ pé abo ti tó. Akọ máa ń kọ ọ́ fún gbogbo abo tó bá kọjá níwájú rẹ̀, àní èyí tó lóyún pàápàá. Ara abo lẹ máa fi mọ̀. Abo tí àsìkò rẹ̀ ń bọ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́; á máa rìn yípo, á máa kùn gígùn, hùùùn, hùùùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé akọ, ojú ara rẹ̀ á pupa, á wú díẹ̀, ó lè fi oúnjẹ sílẹ̀, ó lè máa gun àwọn abo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ tí akọ bá fẹ́ gùn ún nígbà yẹn, á ké, á sì sá. Kò tíì tó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán tí ilé rọlẹ̀, ẹ mú akọ wá síwájú ọgbà kí imú òun àti ti abo lè kan ara wọn. Ẹ wọlé sẹ́yìn abo, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì pa ìhà rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára. Tó bá rìn kúrò, kò tíì tó, tàbí ó ti kọjá. Tó bá dúró gbagidi, tí etí rẹ̀ nà sókè tó ń gbọ̀n díẹ̀, tí kíkùn rẹ̀ sì dákẹ́, ó ti tó. Abo tó ti bímọ rí, ẹ jẹ́ kí akọ gùn ún ní wákàtí 12 lẹ́yìn tó bá kọ́kọ́ dúró, ẹ tún un ṣe ní wákàtí 12 lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀dọ́ abo kì í pẹ́ dúró. Èyí tí ò tíì bí rí, ẹ má fi ti òun falẹ̀.

Ẹ má kọ́ ilé akọ mọ́ ti àwọn abo kí wọ́n máa rí ara wọn tọ̀sán tòru. Ohùn àti òórùn rẹ̀ á di ohun tó ti mọ́ wọn lára, nígbà tí ẹ bá wá mú un wá fún ìdánwò, ara wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ dáhùn mọ́.

Òǹkà tí ẹ bèèrè: ọjọ́ 21 ló ń yí po, ó lè jẹ́ 18, ó lè jẹ́ 24. Abo tí ẹ já ọmọ lẹ́nu rẹ̀ máa ń wá akọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Oyún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 114. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n gùn ún sára ògiri, ẹ tún dán an wò láti ọjọ́ 18 sí 24; tó bá tún dúró, oyún ò dúró nìyẹn.

Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó tutù ń yọ̀, akọ tó wúwo á sì ba ẹsẹ̀ abo jẹ́ níbẹ̀. Ẹ wọ́n iyẹ̀ igi láti sọ́mìlì sí i. Tí akọ bá dákẹ́ kíkùn, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn tọ̀ yín bọ̀, tó sì ń ṣán eyín, ìjà nìyẹn. Pátákó fífẹ̀ ni kó wà láàárín ẹ̀yin àti òun, kẹ́ ẹ sì fẹ̀yìn rìn síbi ilẹ̀kùn. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i.

OlókoLáfẹ́nwá:

Ẹ kú àlàyé. Èyí tí ìyá bá ń kùn tí kò yára yẹn, kí ni à ń wò? Abẹ́rẹ́ oxytocin kan á yanjú ẹ̀. Mo máa ń fún wọn kíákíá, tí wọ́n ń bímọ lọ́wọ́ náà, kó lè yá.

DókítàẸran_Ọbáńtókò:

Olóko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró díẹ̀. Tó bá jẹ́ omi ni kò mu, abẹ́rẹ́ ò lè pọn omi. Tó bá jẹ́ ọmú ló wú pẹ̀lú ibà, oxytocin lè ti ìwọ̀nba wàrà tó wà níbẹ̀ jáde, àmọ́ oògùn ibà àti ti kòkòrò àrùn ló nílò, ìwọ̀n ara rẹ̀ la sì fi ń ṣírò èyí. Ti ìbímọ ló léwu jù. Tí ọmọ bá dábùú lójú ọ̀nà tí ẹ sì fún un ní oxytocin, ilé ọmọ á máa fún mọ́ ọmọ tí kò lè jáde. Ilé ọmọ lè ya, okùn ìwọ́ àwọn tó kù nínú lè fún pọ̀ kí wọ́n kú. Ẹni tó fọ ọwọ́ mọ́ tónítóní, tó wọ ìbọ̀wọ́ tó ń yọ̀, tó sì wò ó pé ọ̀nà là, òun nìkan ló lè sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ ti ìbímọ: ní ọjọ́ kan ṣáájú, abo á máa kó koríko jọ, á máa dìde, á máa dùbúlẹ̀, kíkùn rẹ̀ á kúrú, kò sì ní balẹ̀. Tí ẹ bá fún orí ọmú tí wàrà ń tú jáde, wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan ló kù. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan sí òmíràn máa ń tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kíkùn tó jìn, tó ń wá pẹ̀lú fífún ikùn àti gbígbé ẹsẹ̀ òkè, tí ó sì ti tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan láìsí ọmọ tó jáde, ẹ pè.

Ó di ti àìsàn. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó so mọ́ èémí. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ yá máa ń kùn nígbà tó bá wù ú. Á kùn, á dákẹ́, á tú ilẹ̀, á tún kùn. Èyí tí àyà ń dùn máa ń kùn ní gbogbo ìgbà tó bá mí síta, ẹyọ kan fún èémí kan, kódà nígbà tó dùbúlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ìhà rẹ̀: tí ikùn bá ń fà wọlé jìn tó sì ń gbọ̀n jáde, tí egungun ìhà ò fi bẹ́ẹ̀ mì, ẹ̀dọ̀fóró ni.

Ẹ dúró jìnnà, kó sinmi, ẹ ka bí ìhà ṣe ń gbéra fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Àgbà tó wà níbi tó tutù: 10 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń dàgbà: 25 sí 35. Ọmọ ọwọ́ lè tó 50, kò sì ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni tẹmómítà. Ẹ fi òróró pa orí rẹ̀, ẹ kì í bọ ihò ìdí, kó kan ògiri inú, kó má wọ inú ìgbẹ́, torí inú ìgbẹ́ á sọ irọ́ fún yín. Àgbà wà láàárín 38 sí 39.5 lórí òǹkà Celsius, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè ga díẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń ṣàìsàn. Tó bá ti kọjá 40 tí kò sì jẹun, ẹ má dúró de àárọ̀.

Ikọ́ méjì ló yẹ kẹ́ ẹ dá mọ̀. Ọ̀kan gbẹ, ó ń wá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láàárọ̀ tàbí tí ẹ bá lé wọn sáré. Wọ́n ń jẹun, àmọ́ wọn ò dàgbà bó ṣe yẹ. Ìyẹn lè fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wà níbẹ̀. Èkejì kì í fúnni láyè: èyí tó jẹun lánàá ti jókòó bí ajá lónìí, ó ń fi ẹnu mí, ó ń kùn lórí gbogbo èémí, etí àti imú rẹ̀ ń dúdú bọ̀, ìfófó tó pọ́n pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ wà nímú rẹ̀. Ó lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún méjèèjì ni ilé tó há, eruku oúnjẹ gbígbẹ, àti òórùn ìtọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ sí ibi tí imú ẹlẹ́dẹ̀ wà, kẹ́ ẹ mí níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tí ojú yín bá ta, afẹ́fẹ́ ilé yẹn ò dára, bó ti wù kó dára tó ní ibi tí ẹ dúró sí.

Ooru máa ń jọ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ní oṣù kejì sí oṣù kẹta níbí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn tó bó ṣe yẹ. Èémí ló fi ń tu ara rẹ̀. Tí gbogbo ilé bá ń mí ju 40 lọ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án, tí wọ́n sì rọlẹ̀ ní alẹ́, ooru ni. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ń mí bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù wà jẹ́ẹ́, tàbí tí kò rọlẹ̀ lóru, ẹ lọ gbé tẹmómítà. Fún ooru: ẹ rin ilẹ̀, ẹ máa da omi díẹ̀díẹ̀ sí ọrùn àti èjìká, ẹ fún un lóúnjẹ kí oòrùn tó mú àti lẹ́yìn tó bá rọlẹ̀. Èyí tó ti ṣubú, ẹ má da omi yìnyín lù ú lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ASF. Láti ọdún 1997 ló ti ń jà káàkiri Nàìjíríà, kò sì ní oògùn. Kì í ṣe ohùn lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ilé tó máa ń kùn tí ẹ bá gbé garawa kọjá, tí ẹ wá wọlé láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dìde, tí wọ́n gun ara wọn lé bí ẹni tí òtútù mú, tí ibà wọn tó 41, tí etí àti abẹ́ ikùn pọ́n, tí ọ̀kan sì ti kú: ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má tà, ẹ má pín ẹran, ẹ má gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ pe àwọn dókítà ẹran ìjọba. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n bàtà yín àti ajẹkù oúnjẹ tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀ ń gbé e rìn. Ẹni tó bá ń fún ẹlẹ́dẹ̀ ní ajẹkù ilé oúnjẹ láìsè é fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 kó hó dáadáa, ó ń pè é wọlé.

AraỌ̀ṣíẹ̀lẹ̀:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ìyá ọlọ́mọ mọ́kànlá: èémí rẹ̀ jẹ́ 18, tẹmómítà sọ 39.2, kíkùn wàrà rẹ̀ ń yára bí ÌyáẸlẹ́dẹ̀ ṣe sọ, orí ọmú mẹ́tàlá ló sì ń ṣiṣẹ́. Pípayín keke yẹn ló kù. Àgbàdo, PKC (èérí èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀) àti èérí ògì ló ń jẹ, ẹlẹ́rọ ń lọ̀ ọ́ lúbúlúbú. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń jẹ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀.

DókítàẸran_Ọbáńtókò:

Wàrà ń bọ̀, ibà ò sí, ó dára. Kó tó di pé a dórí ikùn, ẹ dá a lójú pé kì í ṣe ẹnu lásán ni ó ń jẹ. Abo tó wà nínú ilé tó há, tí kò ní koríko láti fi ẹnu ṣe nǹkan, máa ń jẹ afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀, ìyẹn kì í dún keke. Tó bá ń dún, tí ẹ gbọ́ eyín lórí eyín, tó sì ń kùn díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, mo máa wo ọgbẹ́ inú ikùn. Oúnjẹ tó lọ kúnná jù àti ebi gígùn láàárín oúnjẹ méjì ló sábà ń fà á: oúnjẹ lúbúlúbú máa ń di omi nínú ikùn, omi kíkan inú ikùn á sì máa fọ́n dé apá òkè tí kò ní ohun tó ń dáàbò bò ó.

Ẹ ní kí ẹlẹ́rọ pààrọ̀ asẹ́. Ẹ fi ìka tẹ oúnjẹ náà wò: kó dà bíi gàrí tí wọn ò tíì kù, kó má dà bí èlùbọ́. Oúnjẹ ojúmọ́ náà, ẹ pín in sí méjì tàbí mẹ́ta. Ìyá tó ń fọ́mọ mọ́kànlá lọ́mú kò yẹ kó máa dúró de ọ̀la. Ẹ ju koríko tútù díẹ̀ sí i. Kí ẹ sì máa wo ìgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀: tó bá dúdú tó ń lẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń funfun, pàápàá etí àti inú ìpéǹpéjú, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọnù nínú. Ìyẹn kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan mọ́, ẹ pè mí tàbí dókítà mìíràn lọ́jọ́ náà.

ÒǹkàwéKáńpù:

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un fún AraỌ̀ṣíẹ̀lẹ̀. Ẹ lo fóònù yín. Nígbà tí gbogbo wọn wà dáadáa, ẹ gba ohùn ìyá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpè títí wàrà á fi jáde. Ẹ gbé fóònù lé orí ògiri ìhà ibi tí orí rẹ̀ wà, kó má sí ní ẹ̀gbẹ́ garawa omi tàbí abẹ́ páànù tí òjò ń lù. Ẹ kọ nọ́ńbà ìyá, ọjọ́ àti wákàtí sórí rẹ̀. Ìyá kan lè jẹ́ ẹni tó ń kùn kíkankíkan, òmíràn á rọra ṣe é, èyí tí ẹ gbà sílẹ̀ nígbà àlàáfíà lẹ ó fi wọn èyí tí ẹ gbọ́ lónìí.

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan tí Yunifásítì Copenhagen ní Dẹ́ńmáàkì wà lára wọn ṣàyẹ̀wò ohùn ẹlẹ́dẹ̀ tó lé ní 7,000, láti ara ẹlẹ́dẹ̀ 411, láti ọjọ́ ìbí títí dé ọjọ́ pípa. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti yà á sọ́tọ̀ bóyá inú ẹlẹ́dẹ̀ dùn tàbí kò dùn, ó sì tọ̀nà nínú bíi 92 nínú 100. Ohun tí wọ́n rí bá ohun tí ÌyáẸlẹ́dẹ̀ sọ lókè mu níbi kan: ohùn ìgbà ayọ̀ máa ń kúrú, kì í sì í lọ sókè wá sílẹ̀ jù; ohùn ìpọ́njú máa ń gùn.

Àgbẹ̀Alábàtà:

Tí ẹ bá gba ti akọ sílẹ̀, ó wúlò. Tí kò bá sí akọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lè tan ohùn náà nígbà tí ẹ bá ń tẹ ìbàdí abo. Kò ní ṣe tó akọ gan-an torí òórùn rẹ̀ ò sí níbẹ̀, àmọ́ ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ẹ kàn má tan án lọ́sàn-án nígbà tí gbogbo ilé ń sùn.

AraỌ̀ṣíẹ̀lẹ̀:

Mo ti sọ fún ẹlẹ́rọ nípa asẹ́ náà. Ẹ dákun, tí mo bá máa pe dókítà lóru, kí ni kí n ní lọ́wọ́ kí n tó pè?

DókítàẸran_Ọbáńtókò:

Èémí ní ìṣẹ́jú kan, ìgbóná ara, wákàtí tó jẹun kẹ́yìn, bóyá ó mu omi, àwọ̀ ìgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bímọ tàbí ọjọ́ tí wọ́n gùn ún. Mélòó nínú ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ni tàbí gbogbo wọn. Oògùn tí ẹ ti fún un, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ fún un, kódà tó bá jẹ́ àgbo. Kí ẹ sì gba kíkùn náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó pè, kí n ti máa gbọ́ ọ bí mo ṣe ń di àpò.